Ọmọ Tí A Dá Padà Fún Ẹbí

Òórùn aṣọ ìbora tuntun ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ iṣẹ́ àánú. Nínú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ní Newtown, wọ́n tò wọ́n láti ilẹ̀ títí kan àjà, aláwọ̀ eérú ni gbogbo wọn, inú ọ̀rá ni wọ́n sì wà. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn wọn á kọlu imú ẹni bí òórùn ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Kò tíì ju ọdún díẹ̀ lọ nígbà náà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Johannesburg, n kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ mi ló ṣáájú mi dé ìlú náà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Randburg, èmi sì tẹ̀lé e wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n mú jáde. Inú Ìjọ Elétò, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì, ni wọ́n bí mi sí ní Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé àjọ aláàánú ìjọ náà ń wá obìnrin tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, mo wọ taxi, mo lọ, wọ́n sì gbà mí.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ètò wọn. Òkè òkun ni owó ti ń wá, láti ọ́fíìsì àgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú kàn rí. Ọ̀gá wa ní Newtown ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àlùfáà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Sotho, Mfundisi ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú náà. Ẹ̀ka mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló ń ṣàkóso ẹrù àti ọkọ̀, nọ́ọ̀sì kan wà nídìí omi àti ìlera, ìyáàfin kan tó kàwé gan-an sì ni olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹbí, níbi tí wọ́n fi mí sí. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ là ń pín nǹkan. Ìjọ tó bá wà ní àdúgbò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibi tí aburú ti ṣẹlẹ̀, àwọn ni yóò ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀, àwọn ni yóò gbé ìkòkò kaná, àwa yóò wá máa gbé ẹrù wá sí ọwọ́ wọn. A kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn tàbí orílẹ̀-èdè. Alààyè là ń ràn lọ́wọ́. Ìsìnkú kò sí nínú iṣẹ́ wa. Gbogbo iṣẹ́ ló sì ní ọjọ́ tí a ó ká a nílẹ̀, a sì ti máa ń mọ ọjọ́ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ya gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi sẹ́yìn bébà tí a bá rí, àpótí kan lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ọfà ń lọ, ọfà ń bọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ìdí nìyẹn tí a fi pín iṣẹ́. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ó dára. Ibo wá ni ẹni tí ebi ń pa wà nínú àwòrán yìí?" Mo fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ àánú tán.

Iná Jeppestown ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù. Ilé ìránṣọ ńlá kan ni tẹ́lẹ̀, tí àwọn tó ni ín ti pa tì. Ẹnìkan tí a kò rí fojú kàn títí dòní ló fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pín in sí yàrá keekèèké tó sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran, sítóòfù oníkẹrosíìnì ni wọ́n fi ń yáná. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó gbiná. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, oòrùn ti yọ, omi tí àwọn panápaná dà sílẹ̀ ti ń dì bíi yìnyín létí títì, àwọn tó bọ́ sì jókòó lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé wọ́n jókòó sórí omi.

Gbọ̀ngàn ìjọ kò jìnnà síbẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ti wà níbẹ̀ kí á tó dé, pẹ̀lú ẹ̀wù pupa wọn, síkẹ́ẹ̀tì dúdú àti fìlà funfun, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọjọ́ ìsìn ni. Olórí wọn jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Zulu, Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo wọlé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ àjọ wa sí lẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹbí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Màmá gbọ́ díẹ̀, ó mi orí, ó sì gbé ọmọbìnrin kékeré kan lé mi lọ́wọ́. "Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí," ló wí.

Ọmọ náà kò tíì tó ẹni tó ń lọ iléèwé. Ara rẹ̀ ń rùn fún èéfín. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé dádì òun ṣì ń bọ̀, pé ó lọ mú bàbá àgbà wá. Bí mo ti ń kun orin ìkẹ́ ọmọ Yorùbá kan sí i létí, obìnrin kan dìde láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ Èkìtì ni, aránṣọ, òun ló sì bí ọmọ tí mo gbé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti wà ní Johannesburg. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Zulu, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ara mọ́tò ṣe. Ó máa ń tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà lọ́jọ́ Sunday, ó sì máa ń jókòó sídìí ilẹ̀kùn nítorí kò gbọ́ èdè wa. Nígbà tí iná sọ, ó gbé ọmọ, ó fa ìyàwó rẹ̀, ó mú wọn sọ̀ kalẹ̀ dé títì. Ó wá ní bàbá ará Malawi tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn kò lè rìn dáadáa. Ó padà wọlé. Àwọn àgbà wa ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọn dànù. Ọkùnrin yìí gbọn ti ọmọ, ó gbọn ti ìyàwó, ó padà lọ gbọn ti aládùúgbò, kò sì sí ẹni tó bá a gbọn tirẹ̀.

Èmi ni mo bá obìnrin náà lọ sí mọ́ṣúárì. Èéfín ló pa ọkọ rẹ̀. Iná kò kan ojú rẹ̀ rárá. Obìnrin náà dúró tì í, ó ń fi Èkìtì bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò pọ̀, n kò sì fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi í bóyá òun ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ni. Ọkùnrin náà béèrè ìwé ìgbéyàwó. Kò sí. Wọn kò tíì san owó orí, wọn kò tíì lọ sí kóòtù, ẹbí ọkọ kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ó kàn ní ẹbí òkú nìkan ni òun lè gbé òkú fún.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Newtown. Olórí ẹ̀ka wa tẹ́tí gbọ́ mi dáadáa. "Ìsìnkú kò sí nínú ètò wa," ló wí, "ṣùgbọ́n wíwá ẹbí ẹni wà níbẹ̀. Lọ wá ẹbí rẹ̀." Inú mi dùn. Mo rò pé a ti rí ojú ọ̀nà.

Màmá ló ní kí á gba họ́stẹ̀lì lọ, ilé ńlá tí àwọn ọkùnrin tó ti ìgbèríko wá ṣiṣẹ́ ń gbé. Ó ní àwọn tó bá ti agbègbè kan náà wá máa ń sùn sí ìlà yàrá kan náà. Bí a bá ti dárúkọ abúlé òkú náà, ẹnìkan á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Ní àkókò yẹn, àwọn kan ń lé àwa àjèjì kiri nínú ìlú, ohun tí àwa sì ń sọ láàárín ara wa ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀," ni Màmá wí fún mi bí a ti dúró de robot, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, kí a tó sọdá. "Bí wọ́n bá kí ọ, ṣáà mi orí."

"Bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè ńkọ́, mà?"

"Ikọ́ ń ṣe ọ́."

Ẹni tí mo ń bẹ̀rù kò lé mi. Ọkùnrin kan ń fọ aṣọ, òmíràn ń yan ẹran, ẹnìkẹta gbé àga wá fún Màmá, ó tún wá gbé tèmi. Wọ́n lọ pe ọkùnrin kan jáde tó ti wọ aṣọ ọlọ́dẹ, tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n òkú náà ni, ọmọ ìyá kan náà. Èdè Zulu ni Màmá fi sọ ọ́ fún un; bí a ti ń padà bọ̀ ló tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó jókòó sórí kéréètì ọtí. "Eish," ló wí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ọmọbìnrin náà ńkọ́?"

Màmá wò mí. A kò tíì dárúkọ ọmọ kankan.

"O mọ̀ pé ó ní ọmọ?"

"Mo máa ń rí wọn ní ìdí robot lọ́jọ́ Sunday, pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo máa ń dúró ní òdìkejì títí wọ́n á fi kọjá."

"Kí ló dé tí o kò pè é?"

"Ó fẹ́ àjèjì láìsọ fún ilé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bínú sí i. Èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí ìyá àwọn. Ó ní òun yóò gbé àbúrò òun lọ sílé, ọmọ náà yóò sì bá àwọn lọ nítorí ọmọ ilé àwọn ni. Ní ti obìnrin náà, kò sí owó orí, kò sí ìyàwó.

Ìyá náà dé, obìnrin tín-ín-rín kan tó fi ṣáálì bo èjìká. Ilé tó jó ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ní ilẹ̀ wọn, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀, wọ́n máa ń mú ẹ̀ka igi kan lọ sí ibẹ̀ láti fi pe ẹ̀mí rẹ̀ wálé, kí ó má baà máa rìn kiri. Ẹni tó bá di ẹ̀ka náà mú gbọ́dọ̀ máa bá òkú sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, pé a ti dé títì, a ti fẹ́ wọ mọ́tò, kò sì gbọdọ̀ bá alààyè kankan sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dé ilé. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà kọ̀ kí wọ́n wọlé. Mfundisi fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú kọ́là àlùfáà lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ó ṣí fìlà, ó dúró síta nínú òtútù. Ẹ̀gbọ́n náà ló di ẹ̀ka mú. Ẹni tó ti ń dúró ní òdìkejì títì lọ́jọ́ Sunday, tí kò pe àbúrò rẹ̀, ló wá ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí nínú eérú, léraléra.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Ẹ̀gbọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀ka lọ́wọ́, kò lè sọ ohunkóhun sí wa. Ìyá àgbà wọlé. Ọmọ náà wò ó, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá òun ni Gogo, ìyẹn ìyá àgbà ní èdè Zulu. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo iwájú orí ọmọ náà, ó mú un dání bẹ́ẹ̀.

"Iwájú orí ọmọ mi nìyí," ló sọ fún Màmá. Ó wá yíjú sí obìnrin ará Èkìtì náà. "Sọ fún un kó múra. Òun náà ń bọ̀ wá sin ọkọ rẹ̀."

Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n la ẹnu, tó sì tún pa á dé. Ẹ̀ka wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ àjọ wa kò gbọdọ̀ gbé òkú, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní agbègbè Johannesburg láìjẹ́ pé òkè òkun fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ẹrù sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò sì parọ́. Àwọn ọkùnrin họ́stẹ̀lì náà ló ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń dá nǹkan sí fún òkú ìdálẹ̀, àwọn ló sanwó ọkọ̀ òkú àti taxi. Bí wọ́n ti fẹ́ lọ, obìnrin náà yọ orí lójú fèrèsé.

"Àǹtí, ṣé ẹ kò ní bá wa lọ ni?"

"Wọn kò gbà mí láyè, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mi orí, bí ẹni pé ohun tó ti ń retí nìyẹn.

A ti ń ká mátíréèsì nílẹ̀ ní gbọ̀ngàn nígbà tó padà dé. Ọjọ́ tí a dá láti kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ ti pé. Ó wọlé wá ní òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ dúdú tí wọ́n fún un.

"Ọmọ ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Mo fi í sílẹ̀."

Ó jókòó sórí mátíréèsì kan tí a kò tíì ká. Ó ní wọ́n ṣe dáadáa sí òun. Wọ́n tẹ́ ẹní opó fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyá ọkọ òun sì bá òun jókòó níbẹ̀, ó bá òun jẹun nínú abọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó bi òun pé bí ẹ̀yin méjèèjì bá padà dé ọ̀hún, níbo lẹ máa sùn.

"Ulé ló bi mí," ló wí. Bí àwọn ará Èkìtì ti ń pe ilé ló ṣe pè é. "Mo wo ọmọ mi, ó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá. N kò rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ibi téèyàn ti lè sáré nínú yàrá tí a wà."

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fipá gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Rárá o. Ìbá sàn ká ní wọ́n fipá gbà á. Ǹ bá ti jà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ṣe ìpàdé ìparí iṣẹ́ ní Newtown. Ọ̀gá ẹrù ní gbogbo aṣọ ìbora ló dé ọwọ́ ẹni tó yẹ. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn kankan kò ràn nínú gbọ̀ngàn. Olórí ẹ̀ka wa dìde, ó ní ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ kú nínú iná ni a ti dá padà fún ẹbí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ yin Ọlọ́run lógo, gbogbo wa sì ṣe Àmín. Ẹnu mi wà nínú Àmín náà kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo wá nawọ́ sókè.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Olórí ẹ̀ka wa kò bínú. Ó ní àgbàlagbà ni ìyá náà, ó sì ti gba ohun tí gbogbo àgbàlagbà gbà. Bí a bá fẹ́ gba yàrá fún un, iṣẹ́ tuntun nìyẹn, òkè òkun kò sì ní ṣí iṣẹ́ tuntun lórí iná yìí mọ́, nítorí omíyalé ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Olúkúlùkù ló ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Mfundisi bá mi lórí àtẹ̀gùn. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí," ló wí, "kò sí ètò kankan. A máa ń já ẹrù sílẹ̀ ní gbangba. Alágbára á kó o lọ, opó á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọgbẹ́ yẹn la fi ètò wò sàn." Ó dúró, ó ń wá èémí. "Èyí tí o rí lónìí yìí, n kò tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń wò ó." Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màmá ló gba obìnrin ará Èkìtì náà sílé, sí yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó yá a ní máṣíìnì, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù pupa fún àwọn ìyá ìjọ. Nígbà Kérésìmesì àkọ́kọ́ tó lọ wo ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sáré pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà kejì, ó kúnlẹ̀, ó kí i ní èdè Zulu. Nígbà tó wá rí yàrá tirẹ̀ gbà, tó lọ mú un, ọmọ náà di ṣáálì Gogo mú kò fi í sílẹ̀. Gogo kò dá a dúró o. Ó ń sunkún, ó sì ń di ẹrù ọmọ náà sínú báàgì. Ìyá rẹ̀ ló tú báàgì náà, tó to aṣọ rẹ̀ padà síbi tó wà, tó sì wọ mọ́tò padà wá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò sọ̀rọ̀ wọn láìdáa. Àwọn tí aṣọ ìbora wa gbà lọ́wọ́ òtútù pọ̀, mo sì mọ díẹ̀ nínú wọn. Randburg ni a ṣì ń gbé, àwọn ọmọ tèmi náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn nínú ilé. Obìnrin ará Èkìtì náà máa ń yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sunday mìíràn lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ rẹ̀ ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní abúlé, ó sì ń pè é lórí fóònù. Gogo ló ń pè ní Màmá. Èyí tó bí i, Màmá ti Johannesburg ló ń pè é. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ó máa ń dùn ún. Ó ronú sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a kò bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Bí ẹkún bá fẹ́ gbọ̀n mí," ló wí, "mo máa ń rántí pé ilé bíríkì ló ń sùn sí. Kò sí pákó níbẹ̀ rárá."

Mo bu omi tútù fún un, a sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rẹ̀, tó dìde láti lọ wọ taxi kí ilẹ̀ tó ṣú.